Kòtò Babai Iwájú Ilé Ioteba

Nei Mweretaka, opó kan, ti ọwọ́ bọ omi tó wà nísàlẹ̀ kòtò, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Iyọ̀. Ó lọ sí igun kejì, lábẹ́ babai tó dàgbà jù lọ, èyí tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kó tó kú, ó tún bu omi ibẹ̀ tọ́ wò. Iyọ̀ náà ni. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun taṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

Kì í ṣe òkun ló ń ṣépè fún o. Kí ni òkun ṣe? Ibi tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ fún un ló máa ń gbà wọlé. Ioteba ló ń ṣépè fún, Ioteba ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Ioteba oníkùn bàǹbà tó ti Tarawa, olú ìlú wa, dé.

"Kí ìwọ̀ rẹ má gbé ẹja mọ́ láé! Kí àgbọn já lù ọ́ lórí níbi tó o ti ń rẹ́rìn-ín! Ilé àlejò tó o kọ́ yẹn, akàn nìkan ni yóò máa sùn síbẹ̀!"

Ẹni tí kò bá mọ babai yóò ní kókò lásán ni. Kókò bíi ti ta? Lápá àríwá, ní Butaritari, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, ọ̀lẹ pàápàá lè gbin babai kó sì lọ sùn. Ní gúúsù tiwa níbí ńkọ́, ní Onotoa, níbi tí òjò ti máa ń gbàgbé wa títí ewé àgbọn á fi pọ́n? Èèyàn á gbẹ́ ilẹ̀ títí á fi kan omi dídùn tó léfòó sórí omi iyọ̀ lábẹ́ erékùṣù. Á hun agbọ̀n tí kò nídìí, á gbin babai sínú rẹ̀, á wá máa fi ewé jíjẹrà bọ́ ọ lọ́dọọdún bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Irú èyí tó wà nínú kòtò Mweretaka, bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé e ti Beru wá nínú ọkọ̀ alájẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń fòùngbẹ sùn kó lè rí omi ta sí i. Bí ìnáwó bá ṣẹlẹ̀ lábúlé, tí wọ́n bá gbé babai ilé yẹn wọlé, àwọn àgbà á jí lójú oorun. Òun ni Ioteba fi òkun pa yìí.

Bó ṣe pa á nìyí.

Ó ti pẹ́ ní Tarawa. Nígbà tó dé, ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé àlejò fún àwọn òyìnbó tí wọ́n máa ń wá pẹja, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pa á tán wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sì tún jù ú padà sómi. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Ioteba wá sọ́dọ̀ Mweretaka lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí pèpéle ilé rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́sẹ̀, ó mu ẹmu àgbọn tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó sì mọ́ ọ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá bubuti."

Bí ará ẹni bá ti la ẹnu pe ọ̀rọ̀ yẹn, èyí tí a fi ń tọrọ nǹkan, ó parí nìyẹn. A kì í kọ̀ ọ́. Ìbáà ṣe ọkọ̀ ojú omi, ìbáà ṣe ẹ̀wù ọrùn ẹni, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà tọ́, ẹni tí wọ́n bubuti lọ́wọ́ rẹ̀ á ní "ó dáa," á sì lọ sunkún rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá kọ̀, wọn ò ní lù ú, wọn ò sì ní bú u. Wọ́n á kàn máa wò ó ni, lójú ọ̀nà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

"Kí lo fẹ́?" ni Mweretaka bi í.

"Òkúta díẹ̀ ni, láti etíkun yín. Mo fẹ́ fi mọ ògiri kékeré kan."

"Òkúta! Òkúta lo wá ń jókòó bí ẹni wá tọrọ ìyàwó sí? Lọ kó o, jọ̀ọ́. Má wulẹ̀ mu ẹmu mi gbẹ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín o, òun fúnra rẹ̀! Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Ará erékùṣù tó bá gbọ́ "òkúta díẹ̀," agbọ̀n ni yóò sọ sí i lọ́kàn: obìnrin méjì, ọkùnrin kan, agbọ̀n léjìká, kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀ títí ó fi máa sú wọn. Ta ni yóò ro lọ́rì? Mweretaka tún wá wọ ọkọ̀ lọ sí Beru lọ́sẹ̀ yẹn láti lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun, ọkọ̀ kò sì tètè padà, nítorí ọkọ̀ tiwa kì í padà títí ó fi wù ú.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ sétíkun, ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n já òun sí ilẹ̀ onílẹ̀. Òkìtì òkúta tí ìgbì ti ń kó jọ láti ayébáyé, tó ga tó èèyàn, tó dúró láàárín òkun àti kòtò babai bí ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ipa táyà ló kù. Lọ́rì kan sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fọn fèrè fún adìyẹ, ẹni tó ń wà á sì ni Baraniko, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ọmọ ńkọ́?"

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé ó jọ yín? Wọ́n ní ó—"

"Mo ní kó o sọ̀ kalẹ̀ nínú nǹkan yẹn kí n tó fi etí fà ọ́ bọ́ sílẹ̀!"

Baraniko sọ̀ kalẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹja jẹ.

"Ta ló ní kí ẹ kó etíkun bàbá mi lọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ẹ̀gbọ́n. Ioteba ní ẹ ti fún òun."

"Òkúta ni mo fún un! Mi ò fún un ní etíkun!"

"Ẹ̀gbọ́n," Baraniko fọhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "òkúta yẹn náà kọ́ ni etíkun?"

Mweretaka la ojú, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀dẹ̀ tó máa ń sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọjọ́ tí kò yẹ ló máa ń mú.

"Ìwọ wá gbà láti bá a wa ọkọ̀. Kí ló fún ọ?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó kàn ní kí n máa wà á ni." Ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo erékùṣù náà o! Òun ni Baraniko ń gbà lọ, òun náà ló ń gbà bọ̀, kò sí ibi tí ó fẹ́ dé. Nítorí ìyẹn ló ṣe gbé ilé bàbá rẹ̀ sẹ́yìn lọ́rì, tó fi búréèkì àti fèrè ṣe ayọ̀.

Mweretaka kò délé, kò tú ẹrù. Ó gba ọ̀dọ̀ Ioteba lọ. Ibi tí ilẹ̀ erékùṣù ti fẹ̀ jù ni ilẹ̀ Ioteba wà, ògiri tó sì mọ níwájú òkun níbẹ̀, ẹ gbà mí, odi ni. Òkúta etíkun Mweretaka ni gbogbo rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti gbá wọn mọ́ra. Ioteba wà lórí rẹ̀, awò dúdú lójú, ó ń fi ọwọ́ júwe fún àwọn ọmọṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta? Ioteba, bí oṣù bá lé, tí òkun bá kún, ibo ló máa gbà?"

"Kò lè dé kòtò yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ní Tarawa, bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé—"

"Tarawa, Tarawa! Tarawa tí ẹ kó etíkun rẹ̀ tán, tí ẹ wá ń sá padà wálé wá kó tiwa! Ṣé Tarawa lo fẹ́ sọ wá dà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà jẹ́ ká pariwo níwájú àwọn ọmọṣẹ́. Mo bubuti, ẹ fún mi. Ẹnu yín ni mo gbọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni Mweretaka gbé délé, tí kò jẹ́ kó jẹun. Àbí kí ló máa sọ? Òótọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ẹmu rẹ̀ ló fi tì í.

Oṣù lé, ó kún bí àwo, òkun náà sì kún. Ìgbì kò tilẹ̀ bínú lọ́jọ́ náà. Ó rọra rìn gba orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn kọjá bí àlejò tó mọ̀nà, ó sì wọ inú kòtò lọ jókòó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi bá Mweretaka nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí èpè tán lẹ́nu rẹ̀, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó kù. Àwọn àgbà babai ti kú, kí a má tan ara wa. Ìdí wọn ti rọ̀ bẹ̀lẹ̀bẹ̀lẹ̀, ó ń rùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewé kéékèèké tó ṣì ń tutù. Ó fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú ọpọ́n, ó bu omi òjò tí wọ́n ń mu nínú ilé lé wọn lórí. Omi òjò náà ti ń lọ sópin nínú táńkì, èyí ni pé babai tàbí èèyàn, ọ̀kan ní láti mu. Bí kò bá rí kòtò olómi dídùn gbìn wọ́n sí láìpẹ́, gbòǹgbò á jẹrà, irú tó ti Beru wá á sì parẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun Mweretaka, òun tó rẹ́rìn-ín.

Ó káàkiri. Ten Uriam, olórí àwọn àgbà abúlé, fi kòtò tirẹ̀ hàn án: ó kún fọ́fọ́, kò sí àyè fún ẹsẹ̀ akàn. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan ọkọ rẹ̀ olóògbé ní abúlé kejì; ó tọ́ omi wọn wò, ó sì kí wọn, ó ń lọ. Omi tiwọn náà ti ń yí padà, wọn ò sì tíì fẹ́ gbọ́ ọ.

Bó ṣe ń padà bọ̀, tó ń fi ìbínú ta yanrìn nípàá, ẹnì kan pè é.

"Mweretaka! Ṣé èmi náà ni o ò kí mọ́?"

Nei Teuea ni, ìyá Ioteba. Arúgbó náà jókòó sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlejò tuntun ọmọ rẹ̀, ọ̀pá lórí itan, tábà lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ará abúlé nípa ìró ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀nà yìí ni mi ò fẹ́ wò."

"Mo gbọ́ ọ níbi tó o ti ń tẹlẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. Wá mumi."

Ó bu omi kànga fún un nínú igbá àgbọn. Mweretaka gbé e mu, ó sì dúró. Ó tún mu. Omi náà dùn bí omi àgbọn tútù.

"Ó dùn, àbí?" ni arúgbó náà wí. "Látijọ́ ló ti dùn. Àmọ́ látìgbà tí ògiri yẹn ti dúró, ìgbì ò dé ibi kankan nítòsí ẹ̀ mọ́. Òkúta bàbá ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí kò yẹ ló ti ń ṣe é ni." Ó tu itọ́ tábà. "Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ní ojú mi ò ríran. Mo ní ojú mi ò ríran lóòótọ́, ìwọ tí tìẹ ń ríran, kí lo fi ń wò?"

Ojú Mweretaka ti kúrò lára igbá, ó ti wà níwájú ilé, níbi gbalasa tí Ioteba ti ro mọ́, tó da òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí, tó kó àga sí fún àwọn àlejò láti máa jókòó wo òkun. Níbẹ̀ ni ohun kan ti là sí i.

Ọjọ́ Sátidé ni Ioteba ṣí ilé rẹ̀, gbogbo abúlé sì péjọ sínú maneaba, gbọ̀ngàn àjọ wa, lábẹ́ òrùlé ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó sídìí òpó tirẹ̀, níbi tí bàbá ńlá wọn ti jókòó. Ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn. Ẹja wà, ẹlẹ́dẹ̀ wà, ìrẹsì wà bí òkè. Babai kò sí, gbogbo ojú ló sì rí i pé kò sí. Baraniko jókòó sí iwájú òpó wọn, ní àyè bàbá wọn, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ lọ́rì ṣeré.

Nígbà tí Ioteba dìde dúpẹ́ tán, tó jókòó, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Mweretaka fà lórí ìdí gba àárín àwọn obìnrin, ó dé ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀.

"Sún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ni àwọn obìnrin—"

"Mo ní sún! Kí lo wá ń ṣọ́ níbẹ̀? Ohun tó o ń ṣọ́ fún bàbá mi ti wà nínú ògiri!"

Baraniko sún. Mweretaka jókòó sí àyè bàbá rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́sẹ̀. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Ẹnì kan ní, "Kí lèyí? Látìgbà wo?" Ten Uriam gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin ilé kan bá ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré, ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín ta. Mweretaka kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí òpó kejì.

"Ioteba ọmọ Nei Teuea. Mo wá bubuti."

Ẹni tó ń họ eegun ẹlẹ́dẹ̀ gbé e dúró lẹ́nu. Ioteba ńkọ́? Ó túra ká, ó na ọwọ́ méjèèjì kí tolórí tẹlẹ́mù lè rí bí ọ̀làwọ́ ṣe ń rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun yòówù kó jẹ́! Ẹ ò tiẹ̀ nílò kí ẹ dárúkọ ẹ̀. Tèmi ni tiyín. Gbogbo maneaba ẹ gbọ́ mi o, ó ti di tiwọn!"

Ó rò pé òkúta ló fẹ́ gbà padà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè yọ òkúta kúrò nínú sìmẹ́ǹtì. Ẹnu tí Tarawa kọ́ ọ ló fi ń sọ̀rọ̀, ó ti gbàgbé ilé tó wà.

"O ṣeun," ni Mweretaka wí. "Ilẹ̀ iwájú ilé rẹ ni mo fẹ́, níbi tó o kó àga sí. Mo fẹ́ gbẹ́ kòtò babai síbẹ̀."

Ẹ wo Ioteba! Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó nà án sí, kò rántí kó o padà.

"Iwájú... Ẹ̀gbọ́n, iwájú ilé kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ gbọọrọ wà lẹ́yìnkùlé."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àlejò rẹ ló wà lẹ́yìnkùlé. Ṣé ìgbẹ́ òyìnbó lo fẹ́ kí babai bàbá mi máa jẹ ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ṣubú lu ara wọn. Ioteba fi aṣọ nu ojú.

"Àbí kí n san án lówó ni? Ẹ dá iye kan—"

"Mo bubuti ilẹ̀, ò ń sọ owó fún mi!" Ohùn Mweretaka lọ sókè dé òrùlé. "O kó ohun tó ń ṣọ́ omi mi, o fi ń ṣọ́ tìrẹ. Omi dídùn ti kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìn ògiri rẹ ló sá sí. Ibi tó sá sí ni mo máa bá a! Àwọn ọmọ babai wà nínú ọpọ́n nílé mi, ewé wọn ti ń pọ́n, irú tí bàbá ìyá rẹ gbé ti Beru wá. Ìwọ náà, kọ̀. Kọ̀ kí gbogbo ayé gbọ́. Ṣebí o ní kí wọ́n gbọ́!"

Kò sẹ́ni tó bú Ioteba. Wọ́n kàn ń wò ó ni. Láti òpó dé òpó, àgbà àti èwe, wọ́n ń wò ó. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Mo fún yín," ni Ioteba wí níkẹyìn, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

Mweretaka kò jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ sinmi. Lọ́jọ́ Ajé, ó ti kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ń fi irin lu òkúta funfun. Baraniko gbé lọ́rì wá, ó ní òun wá ṣèrànwọ́. Mweretaka ní kó gbé lọ́rì padà kó fi ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un wá. Ó sì fi ọwọ́ wá, kí a sọ tòótọ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò sì bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọjá kò jẹ́ kó sú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ioteba, ṣé ibi tí àwọn àlejò á ti máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ ń gbẹ́ yẹn?"

Wọ́n kan omi. Mweretaka tọ́ ọ wò, ó sì tún bu ú mu. Ó to agbọ̀n aláìnídìí sínú ẹrẹ̀, ó gbin àwọn ọmọ babai sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn: ewé gbẹ̀rẹ̀fútù jíjẹrà, ewé igi etíkun, ilẹ̀ dúdú tó ti ń rẹ sínú omi láti ọjọ́ yìí. Ohun tí babai ń jẹ kì í ṣe lọ́fínńdà o. Òórùn rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ̀fọn tẹ̀ lé e. Àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ dé, wọ́n dúró létí kòtò, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n wo babai, babai náà wò wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ń béèrè bóyá ilé mìíràn wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nei Teuea tẹ ọ̀pá rẹ̀ wá létí kòtò, ó jókòó, ó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sínú ẹrẹ̀. Mweretaka wà nísàlẹ̀, ó ń to ewé.

"Mweretaka, ṣé wọ́n ti hùwé?"

"Ọ̀kan ti yọ ewé tuntun, Ìyá."

"Ó dáa." Arúgbó náà mọ́ ọ̀fun. "Mo wá bubuti."

"Tábà ló tán ni?"

"Kòtò yìí ni mo fẹ́, tòun ti ohun tó wà nínú ẹ̀."

Mweretaka nà ró. Ó rò pé etí òun ló ń dún. Lẹ́yìn náà ni ìbínú gbé e, irú èyí tí kò gbé e rí, kódà lọ́jọ́ tó tọ́ iyọ̀ wò. Ìyá àti ọmọ! Wọ́n kó etíkun, wọ́n pa àgbà babai, ó fi èékánná gbẹ́ àwọn ọmọ jáde, wọ́n tún ń bọ̀ wá gba àwọn ọmọ! Ó gún ṣọ́bìrì mọ́ ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá? Ẹ̀yin tí mo rò pé ẹ ṣì jẹ́ èèyàn?"

"Mo ní mo bubuti, ìwọ ń bú mi. Ṣé o kọ̀ ni?"

"Mi ò kọ̀!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú sí omijé náà. "Ẹ gbà á! Ẹ máa gbà á lọ! Inú ilé yín ò ní yó láéláé!"

"Sọ ọ́ sókè. Baraniko ò gbọ́, àwọn tó wà lójú ọ̀nà ò gbọ́."

"Mo fún Nei Teuea ní kòtò mi!" ló kígbe, tí adìyẹ fi fò. "Ti Nei Teuea ni! Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Nu ojú ẹ. Ọmọ mi ń bọ̀."

Lóòótọ́, ilẹ̀kùn ilé àlejò ṣí, Ioteba jáde, bàtà lẹ́sẹ̀, awò dúdú lójú. Ó dé etí kòtò ní apá kejì, ó jókòó lórí ìdí, ó káwọ́ sẹ́sẹ̀ bó ṣe jókòó lọ́jọ́ ẹmu. Ó mọ́ ọ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn sí kòtò yìí o. Ṣùgbọ́n mo wá bubuti. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dí i padà."

Mweretaka wò ó. Ó wo arúgbó tó sọ ẹsẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tó ń wo iwájú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e.

"Ioteba," ló wí, "o pẹ́ jù. Kò sí nǹkan tèmi níbí mọ́. Mo ti fi fún ẹni tó bubuti rẹ̀ ṣáájú rẹ. Béèrè lọ́wọ́ Baraniko."

"Òótọ́ ni," ni Baraniko wí láti ìdí òkìtì yanrìn. "Gbogbo ọ̀nà ló gbọ́ ọ."

"Ta lẹ fún?"

Mweretaka fi ẹnu ṣọ́bìrì júwe Nei Teuea.

Ioteba yíjú. Ó yọ awò dúdú. Ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, ó tún là. Ta ni yóò jókòó síwájú ìyá rẹ̀, tí yóò bubuti kí irú tí bàbá ìyá náà fi òùngbẹ gbé la òkun kọjá kú?

"Mo ń gbọ́ ọ," ni Nei Teuea wí. "O fẹ́ béèrè nǹkan ni?"

"Màmá..." Ó wo ewé tuntun kékeré yẹn, ó wo àwọn àga rẹ̀ tó wà lórí ara wọn. "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun. Èmi náà sì fẹ́ bubuti."

"Kí lẹ fẹ́, Màmá?" Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ọwọ́ Mweretaka ti bó. Ewé ń bẹ nínú agbọ̀n yẹn, ẹrẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀."

Ioteba bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fi awò dúdú sínú ọ̀kan, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì wọ inú kòtò, ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún. Mweretaka dúró wò ó. Inú ṣì ń bí i. Kò níí dárí jì í lónìí, kò sì níí dárí jì í títí àwọn babai yìí á fi ga ju òrùlé rẹ̀ lọ. Ó ju ṣọ́bìrì sí i. Kò sì jù ú jẹ́jẹ́.